Bàbá Kákí Lọ Kọ́ṣẹ́ ní Odògbolú

Bàbá tó bí ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ bí píìnì bá wà lẹ́nu wọn. Ohun tí a fi ń mọ̀ pé inú ń bí wọn nìyẹn: wọn yóò kó píìnì mẹ́rin márùn-ún sáàárín ètè, wọn yóò sì dojú kọ iṣẹ́. Oníbàárà lè máa pariwo lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pé aṣọ ọmọ òun kò tíì jáde, Màmá lè máa béèrè léraléra bóyá kí àwọn gbé oúnjẹ wá, Bàbá kò ní dáhùn. Ẹsẹ̀ wọn nìkan ni yóò máa fọhùn lórí pẹdálì maṣíìnì. Nígbà tí ọkàn wọn bá rọ̀ ni wọn yóò tó yọ píìnì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn yóò gún un mọ́ tìmùtìmù kékeré tí wọ́n so mọ́ ọrùn ọwọ́. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí wọn kì í bá oníbàárà jà bíi ti àwọn télọ̀ yòókù. Wọ́n ní, "Bí mo bá tètè yọ píìnì yìí, ohun tó máa tẹ̀ lé e jáde á gún ènìyàn ju píìnì lọ."

Wọ́n ti lọ báyìí. Àwọn tó wá kí wa ti padà sílé, a ti dá àwọn àga tí a yá padà, ilé sì ti pa rọ́rọ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹni tó ka ìtàn ìgbésí ayé wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ ibi tí a bí wọn sí, ẹni tó kọ́ wọn níṣẹ́, àti àwọn ọmọ tí wọ́n fi sáyé lọ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń gbọ́ ọ, ó dà bí ẹni pé òkú ẹlòmíràn ni a gbé wá síwájú pẹpẹ. Bàbá tí mo bá gbé láti kékeré ní Ìtàlápò, tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé ní Ìjẹ̀bú-Òde ń pè ní Bàbá Kákí, kò sí nínú ìtàn náà.

Aṣọ ilé-ìwé ni wọ́n ń rán. Bí ìsinmi gígùn bá ń parí lọ, kákí a máa ga nínú ṣọ́ọ̀bù bí òkìtì gaàrí, àwọn ọmọ a sì tò síta kí a lè fi téèpù wọ̀n wọ́n. Èmi ni mo máa ń di òpin téèpù mú. Ìyá mi jẹ́ tíṣà ní Ìbẹ̀fun, ọ̀dọ̀ Bàbá àti Màmá ni wọ́n sì fi mí sí kí n lè lọ sí ilé-ìwé nílùú. Ohun tí Bàbá máa ń ṣe sí ṣòkòtò àwọn ọmọ yìí kò yé mi nígbà náà. Wọn yóò ká etí rẹ̀ sínú lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, débi pé ó máa ń nípọn bí okùn. Àwọn ìyá ọmọ a máa ráhùn pé kò wuyì. Bàbá kì í yí i padà. Bí ọdún bá yí, tí ọmọ náà ga sí i, ìyá rẹ̀ á kàn tú etí ṣòkòtò náà sílẹ̀ ni, kò ní ra òmíràn. "Ọmọ ń dàgbà lójoojúmọ́," ni wọ́n máa ń wí. "Aṣọ tí kò ní àlékún, ẹ̀wọ̀n ni."

A kò lè rìn láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n má dúró lọ́nà. Aṣọ lára ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rí, kí wọ́n tó rí ojú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan tó ti ní òwú nínú wà lábẹ́ kọ́là kóòtù wọn nígbà gbogbo. Ní ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n dá ọkùnrin kan dúró lẹ́bàá ọ̀nà nítorí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ kan tó ń mì bí eyín tó fẹ́ yọ. Ọkùnrin náà ní kí Bàbá jọ̀wọ́, òun ti pẹ́, aago ti lù, ojú sì máa ti òun bí òun bá wọlé lẹ́yìn tí ìsìn ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá ti fa abẹ́rẹ́ yọ. Orí ìdúró ni wọ́n ti rán an, wọ́n fi eyín gé òwú, wọ́n sì fọwọ́ gbá a láyà. "Máa lọ," ni wọ́n wí. "Ọlọ́run ti rí ọ bẹ́ẹ̀ láti ilé, kò sì bínú. Èmi ni n kò lè gbà á mọ́ra."

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ènìyàn jẹ́jẹ́ lásán ni wọ́n. Wọ́n mọ ìjà. Ọ̀gá ilé-ìwé kan wà ládùúgbò wa tí í máa na ọmọ tí aṣọ rẹ̀ bá ya. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan sunkún wọ ṣọ́ọ̀bù, ìdí ṣòkòtò rẹ̀ ti fà ya, ojú ẹgba sì ti lé sí i lẹ́sẹ̀. Bàbá fún un ní ìró Màmá kó ró, wọ́n rán ṣòkòtò náà, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sì di ọwọ́ ọmọ náà mú títí dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé. Mo tẹ̀ lé wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá," ni Bàbá wí. "Kí ni ọmọ yìí ṣe?"

"Aṣọ rẹ̀ ya, Bàbá. Òfin ilé-ìwé sì ni pé kí aṣọ ọmọ wà ní pípé."

"Ó dáa. Aṣọ ló ya. Kí ló dé tó jẹ́ pé ara lẹ nà?"

Bàbá sọ fún ọ̀gá náà pé láti ọjọ́ náà lọ, kí ó máa rán ọmọ tí aṣọ rẹ̀ bá ya sí ṣọ́ọ̀bù àwọn, àwọn kò ní gba kọ́bọ̀. Ó sì ń rán wọn wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lórí àga kan náà tí àwọn méjèèjì ti máa ń jókòó, wọn kò kí ara wọn fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí Màmá ní kí Bàbá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán, wọ́n ní, "Ó ti tán. Ìkíni ló kù, ìyẹn kò sì na ọmọ kankan."

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í dá sílẹ̀ nínú ilé wa. Ẹnu Màmá ni mo ti gbọ́ ọ, lọ́jọ́ kan tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà, tí Bàbá kò sí nílé.

Kí wọ́n tó bí mi, bàbá kan láti Odògbolú mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá. Ṣìfáwù ni orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin ni gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ nígbà náà, òun nìkan ni obìnrin. Màmá ní ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó yá, kò sì sí ohun tí a fi hàn án lẹ́ẹ̀kan tí kò ní mọ̀ ọ́n. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ṣa àjákù pópúlíìnì funfun jọ, ó sì fi rán gáùn kékeré kan fún ọmọ oníbàárà kan. Gbogbo ẹni tó rí gáùn náà ló ń yìn ín. Nígbà tí Bàbá ti ọjà dé, tí wọ́n bá àwọn obìnrin níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń béèrè fún irú rẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dára. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù àwọn kì í ṣe ilé ìṣeré ọmọlangidi. Wọ́n gba gáùn náà, wọ́n jù ú sórí tábìlì, wọ́n ní, "Tú u."

Ṣìfáwù ní òun kò ní tú u.

Ó rán iṣẹ́ tó kù nílẹ̀ parí, kò fi ìkankan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ ìdásílẹ̀ pé, tí ó yẹ kí Bàbá gbàdúrà fún un lójú àwọn ẹbí rẹ̀, kí wọ́n fa àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́, Bàbá kọ̀. Ṣìfáwù kó ẹrù rẹ̀, ó lọ láìsí àdúrà ọ̀gá, èyí tó jẹ́ ohun ìtìjú ńlá fún ẹni tó kọ́ṣẹ́. Màmá da ẹ̀wà sínú abọ́, wọ́n ní, "Láti ọjọ́ yẹn, bí ènìyàn bá dárúkọ Odògbolú, bàbá rẹ á kó píìnì sẹ́nu."

Ìgbéyàwó Àǹtí Bùsọ́lá ló mú ọ̀rọ̀ náà jáde. Àwọn ni àbígbẹ̀yìn Bàbá, tíṣà ni wọ́n ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, wọ́n sì fẹ́ fẹ́ Bọ̀dá Kúnlé tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Àkókò náà gan-an ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ọjà ń gbówó lórí, owó oṣù àwọn tíṣà sì ń pẹ́ kó tó jáde, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní jáde rárá. Àǹtí ti yan àwọn ọ̀rẹ́ wọn tí yóò tẹ̀ lé ìyàwó, ìyẹn àwọn tí a ń pè ní bíráìdìméèdì, wọ́n sì fi èmi náà kún wọn. Wọ́n ti rí irú gáùn tí wọ́n fẹ́: sátíìnì tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n, tí apá rẹ̀ wú bí bàlúùnù tí a fẹ́, tí ọ̀já ńlá sì wà lẹ́yìn. Aránṣọ kan wà ní Èkó tó mọ̀ ọ́n rán. Nígbà tó pe owó rẹ̀, Àǹtí kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Ìyá Bọ̀dá Kúnlé wá ránṣẹ́ pé kí a má ṣèyọnu, àwọn ni yóò san gbogbo owó aṣọ náà. Ayọ̀ ni Àǹtí fi sáré wá sọ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn," ni Bàbá wí, "ṣùgbọ́n kí wọ́n fi owó wọn pamọ́."

"Bàbá, wọn kò fi yájú sí wa. Inú rere ni wọ́n fi sọ ọ́."

"Mo mọ̀. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn. Gbèsè owó ṣeé san tán. Gbèsè oore tí ọmọbìnrin bá gbé wọ ilé ọkọ, ojoojúmọ́ ló máa ń san án. N kò ní jẹ́ kí o gbé e lọ. Ẹ ra aṣọ náà, èmi ni n ó rán an."

Àǹtí wò wọ́n bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí a sọ. "Ẹ̀yin? Bàbá, kákí lẹ̀ ń rán o!"

Bàbá na ọwọ́ sí tìmùtìmù, wọ́n kó píìnì sẹ́nu.

Wọ́n fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kan, olódòdó, dán an wò. Èmi ni wọ́n wọ̀n. Ọjọ́ bíi mélòó kan ni wọ́n fi ṣe é, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọjú sí i. Nígbà tó parí, wọ́n ní kí n wọ̀ ọ́, wọ́n sì pe Àǹtí. Mo dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù. Ìránpọ̀ rẹ̀ lágbára débi pé ẹṣin kò lè fà á ya. Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ bí àpò ìrẹsì tó ṣófo, etí rẹ̀ nípọn bí okùn, ààyè ìgbànú wà nídìí, àpò kan sì wà láyà tí mo lè ki gègé sí.

Àǹtí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà di ẹkún. "Bàbá," ni wọ́n wí, "ìgbéyàwó ni mo fẹ́ ṣe, kì í ṣe àsẹ́ńbìlì ilé-ìwé. Ẹ wo ojú tí àwọn ará Èkó máa fi wò mí." Wọ́n jáde, wọn kò pa ilẹ̀kùn dé.

Mo ń retí kí Bàbá kó píìnì sẹ́nu. Wọn kò kó o. Wọ́n bọ́ aṣọ náà lọ́rùn mi, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n sì jókòó tì í. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, tó jẹ́ Sátidé, wọ́n ní, "Dúpẹ́, wọ bàtà rẹ. A ń lọ sí Odògbolú."

Màmá, tó ń gbálẹ̀, dá ìgbálẹ̀ dúró. "Ṣé ilé Ṣìfáwù ni?"

"Ṣé ẹlòmíràn wà tí mo ṣẹ̀ ní Odògbolú ni?" ni Bàbá dá wọn lóhùn.

Ẹ̀gbẹ́ títì ni ṣọ́ọ̀bù Ṣìfáwù wà. Gáùn ìyàwó funfun kan rọ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn, àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ sì wà nínú rẹ̀, wọ́n ń ránṣọ. Obìnrin kan tó gbé téèpù kọ́rùn, tó we ìborùn, ń gé aṣọ lórí tábìlì gígùn. Ìyá Rábì ni àwọn ará Odògbolú ń pè wọ́n nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe pè wọ́n. Ìyá Rábì gbé ojú sókè, wọ́n rí Bàbá. Àlùmọ́gàjí dúró lójú kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kúnlẹ̀ sórí àjákù aṣọ tó wà nílẹ̀.

"Ọ̀gá," ni wọ́n wí. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé kò sí? Ṣé Màmá ń bẹ?"

"Màmá ń bẹ. Dìde, Ṣìfáwù, àwọn ọmọ rẹ ń wò ọ́." Bàbá ṣí fìlà. "Mo wá kọ́ṣẹ́ ni."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín sì yọ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìyá Rábì yíjú sí i pẹ̀lú ìbínú, ṣùgbọ́n Bàbá gbọ́wọ́ sókè.

"Fi í sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tó yẹ kí n wò."

Ìyá Rábì fa àga onítìmùtìmù tiwọn wá, wọ́n fi etí ìborùn wọn nu ún. Bàbá kò jókòó síbẹ̀. Wọ́n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́, wọ́n gbé fìlà lé orúnkún. Wọ́n ní, "Ọmọ iṣẹ́ kì í jókòó sórí àga ọ̀gá."

Wọ́n ní kí n wọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà. Ìyá Rábì yí mi po, wọ́n fọwọ́ kan apá rẹ̀, wọ́n sì wo àpò tó wà láyà. "Ó... ó lágbára, sà."

"Ìyẹn kọ́ lo máa sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́."

"Sọ ọ́, Ṣìfáwù. O mọ̀ ọ́n. Èmi náà mọ̀ ọ́n."

Mo rí i tí omi lé ròrò sójú Ìyá Rábì. Wọ́n wo aṣọ náà, wọ́n wo ilẹ̀. "Ẹ tú u, sà," ni wọ́n wí.

"Yọ 'sà' kúrò níbẹ̀."

"Ìyẹn ni n kò lè yọ, sà."

Bàbá mú bíléèdì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Gbogbo ìránpọ̀ alágbára yẹn, wọ́n tú u láti ọrùn dé etí, wọn kò fi ìkankan sílẹ̀, wọ́n sì ń ṣa òwú rẹ̀ sínú fìlà kó má bàa ba ilẹ̀ onílẹ̀ jẹ́. Ọmọbìnrin tó rẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ dìde wá bá wọn di òpin kejì mú.

Nígbà tó tán, Ìyá Rábì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lórí bẹ́ǹṣì náà. Wọ́n fi bí a ṣe ń ṣe apá wíwú hàn wọ́n: bí a ṣe ń gé e fẹ̀ ju bí ojú ṣe rò lọ, bí a ṣe ń fi òwú tó dẹ̀ la etí rẹ̀ kọjá, tí a ó wá rọra fà á kí aṣọ lè sún jọ fúnra rẹ̀. Bàbá fà á, òwú já. Wọ́n tún fà á, ó tún já. Wọ́n pòṣé, wọ́n ní ọwọ́ àwọn ti yigbì. Ìyá Rábì gba aṣọ náà, wọ́n tún ki òwú bọ abẹ́rẹ́, wọ́n sì dá a padà fún wọn. "Kákí lẹ máa ń pàṣẹ fún, sà, ó sì ń gbọ́. Sátíìnì kì í gbọ́ àṣẹ. Ẹ̀bẹ̀ ni kí ẹ máa bẹ̀ ẹ́."

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni a ń lọ. Bàbá a máa gbé apá aṣọ tí wọ́n rán láàárín ọ̀sẹ̀ lé itan nínú mọ́tò, wọn yóò fi ọwọ́ méjèèjì bò ó bí ẹni gbé òròmọdìẹ. Obìnrin kan tó jókòó tì wá bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé kí ni wọ́n gbé tó ṣe iyebíye báyìí. Wọn kò rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ ilé tí ọ̀gá mi fún mi ni. Bí ó bá rún, á ní kí n tún un ṣe."

Àǹtí kò mọ ibi tí à ń lọ. Wọn kì í wọ ṣọ́ọ̀bù mọ́, gaàrí ni wọ́n sì ń fi ìbínú mu ní ọ̀dọ̀ Màmá. Wọ́n ti fi sátíìnì lé Bàbá lọ́wọ́ nítorí pé kò sí owó láti gbé e lọ síbòmíràn, bí ẹni fi ọmọ lé alágbàtọ́ tí kò fọkàn tán. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo ń lọ aṣọ, Àǹtí gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, wọ́n sì rí gáùn àkọ́kọ́ tí Bàbá gbé kọ́ sára ògiri. Oòrùn kàn án. Wọ́n padà, wọ́n wọlé, wọ́n fi ìka kan ṣoṣo kan apá rẹ̀, ó lọ sínú, ó sì tún wú padà. Bàbá ń ránṣọ lọ, wọn kò gbójú sókè.

"Bàbá," ni Àǹtí wí, ohùn wọn sì ti rọ̀, "ta ló kọ́ yín?"

"Ẹni tí n kò fẹ́ kọ́," ni Bàbá dáhùn.

Sátíìnì kò ká gbogbo wa. Tèmi ni wọ́n rán gbẹ̀yìn, nítorí náà ẹ̀yìn gáùn mi ní ojú ìpàdé aṣọ tí àwọn tó kù kò ní. Ọ̀já ńlá náà ni Bàbá fi bò ó. Inú mi kò dùn sí i, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. "Tàwọn ìyókù, maṣíìnì ló rán an. Ti ẹ̀yìn rẹ yìí, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni mo fi rán an. Ìwẹ nìkan ló ní irú rẹ̀." Báyìí ni ohùn Ìjẹ̀bú wọn ṣe máa ń jáde bí wọ́n bá ń tu ènìyàn nínú. Wọn kò ní pè é ní "ìwọ".

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, a tò tẹ̀ lé ìyàwó. Mo gbọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ lórí àga. Lẹ́yìn ìsìn, nínú gbọ̀ngàn ìjókòó, ìyá Bọ̀dá Kúnlé fa apá ọ̀kan nínú wa sún mọ́ ojú, wọ́n yí i wò nínú àti lóde, bí ẹni tó mọ aṣọ.

"Èyí dára o," ni wọ́n wí. "Bùsọ́lá, níbo lẹ ti rán an? Èkó ni àbí Ìbàdàn?"

Àǹtí gbé ìbòjú wọn sẹ́yìn. "Bàbá mi ló rán an, mà. Àwọn àti ọ̀gá wọn."

"Ọ̀gá wọn? Ọ̀gá Bàbá ṣì wà láyé?"

Bàbá, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú agbádá, na ọwọ́ sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, níbi tí Ìyá Rábì jókòó sí pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn. "Òun ló ń jẹ móínmóín lọ́ọ̀ọ́kán yẹn."

Ìyá ọkọ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rere. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti lọ jókòó ti Ìyá Rábì, wọ́n ń bi wọ́n bí a ṣe ń dé ṣọ́ọ̀bù wọn.

Èmi rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí. Kò parí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Bàbá mú Màmá dání, wọ́n ra àlùmọ́gàjí tuntun, a sì tún lọ sí Odògbolú. Bàbá dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní àwọn wá ṣe ohun tí àwọn kọ̀ láti ṣe. Wọ́n ní kí Ṣìfáwù wá gba ìdásílẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Rábì kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò na ọwọ́. "Ọ̀gá, ẹ má bínú sí mi. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ ẹ, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Bàbá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó rò pé mo jalè ni. Mo ti kọ́ bí a ṣe ń gbé láìsí i. Bí mo bá gbà á lónìí, á dà bí ẹni pé gbogbo ọdún yẹn, n kò tíì dé ibì kan."

Mo wo Bàbá. Wọ́n gbé àlùmọ́gàjí tuntun náà sórí tábìlì.

"Òótọ́ lo sọ," ni wọ́n wí. "Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ẹ gbàdúrà fún àwọn ọmọ yìí, sà. Àwọn ṣì nílò rẹ̀."

Bàbá gbé ọwọ́ lé orí ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan, wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀, wọ́n sì gbàdúrà fún un. Ìyá Rábì ń ṣe "Àmí, Àmí" láti orí ìkúnlẹ̀. Àlùmọ́gàjí tuntun náà, ọmọbìnrin tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kìíní ni wọ́n fún. Nígbà tí à ń bọ̀ nílé, Màmá ní ó dun àwọn pé Ṣìfáwù kò gbà á. Bàbá yíjú sí wọn. "Ó yẹ kó dùn wá," ni wọ́n wí. "Bí kò bá dùn wá, a jẹ́ pé òun nìkan ló ru ú."

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Màmá kú. Ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà, wọ́n sì ti fi maṣíìnì sílẹ̀. Gbogbo wa ló ń bẹ̀rù bí wọn yóò ṣe máa jẹun, nítorí wọn kò dáná rí láyé wọn. Ìyá mi fẹ́ kó wọn lọ sí Ìbẹ̀fun, Àǹtí ní kí wọ́n wá sí Èkó. Wọ́n kọ̀. Nígbà tí mo dé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ìsinmi, wọ́n pè mí sí ilé ìdáná, wọ́n ti jókòó sórí àpótí Màmá.

"Dúpẹ́, kọ́ mi ní ìkọ́kọrẹ́."

Mo kọ́ wọn. Mo fi bí a ṣe ń rin ewùrà hàn wọ́n kí ó má gé wọn lọ́wọ́, bí epo àti ata àti ẹja ṣe ń hó kí a tó bu ewùrà sí i, àti pé ènìyàn kò gbọ́dọ̀ tètè rò ó, kó má bàa fọ́. Ti àkọ́kọ́ jóná. Ti èkejì ṣàn bí ọbẹ̀. Ti ẹ̀kẹta, wọ́n bù ú fún mi nínú àwo Màmá, wọ́n sì dúró tì mí, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọn kò jókòó.

"Sọ òótọ́," ni wọ́n wí.

"Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀, Bàbá."

"Ṣé ó pọ̀ púpọ̀?"

"Ó pọ̀ púpọ̀."

Wọ́n mi orí, inú wọn dùn bí ẹni pé mo yìn wọ́n. "Kò burú. A ó tún un ṣe."

Mo padà sí ilé-ìwé. Bí mo bá wálé, wọn kì í jẹ́ kí n wọ ilé ìdáná mọ́, wọ́n ní ó di ìgbà tí ó bá tó kí wọ́n tó gbé e wá fún mi. Kò tíì tó, ni wọ́n máa ń wí. Kò tíì tó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n kú, orí àga ni wọ́n wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí ẹni tó sùn lọ. Èmi àti ìyá mi la kọ́kọ́ dé. Àwọn aládùúgbò ti tẹ́ wọn sórí ibùsùn. Nígbà tí Àǹtí Bùsọ́lá ti Èkó dé nírọ̀lẹ́, wọ́n ń sunkún láìdákẹ́, mo sì mú wọn lọ sí ilé ìdáná kí wọ́n lè jókòó níbi tí kò sí èrò. Ìkòkò kékeré kan wà lórí sítóòfù, wọ́n fi àwo dé e. Mo ṣí i.

"Ta ló se ìkọ́kọrẹ́?" ni Àǹtí béèrè.

"Bàbá ni."

"Bàbá wo?"

"Bàbá wa. Òwúrọ̀ yìí ni wọ́n á ti sè é."

Àǹtí wo ìkòkò náà, wọ́n wò mí. Ìyá mi wọlé bá wa, wọ́n ti ilẹ̀kùn. A kò bu ú sí àwo. A jókòó yí i ká lórí ilẹ̀, a sì fi ọwọ́ jẹ ẹ́ látinú ìkòkò, díẹ̀díẹ̀.

Iyọ̀ rẹ̀ ṣe rẹ́gí.